Ehoro Ojú Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀kọ́ Àṣàyàn Àdánidá

Bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ kíláàsì pé kí ló fà á tí àwọ̀ ẹranko kan fi bá ilẹ̀ ibùgbé rẹ̀ mu, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ yọ ni pé ẹranko náà rí ewu, ló bá pa àwọ̀ rẹ̀ dà kó lè sá pamọ́. Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Charles Darwin kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1859. Ohun tó pè ní àṣàyàn àdánidá ni pé àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà. Bí àwọn kan ṣe rí ló ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó pẹ́ ló ń bímọ jù, ọmọ wọn a sì máa jọ wọ́n. Agbo ló ń yí padà láti ìran dé ìran. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ń kú pẹ̀lú àbùdá tí a bí mọ́ ọn.

Ta ló fẹ́ jókòó ti ehoro fún ìran bí ogún kó lè fojú ara rẹ̀ rí i? Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó tan án, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò díẹ̀ lójú pátákó.

Ká ní ehoro 80 wà lórí ilẹ̀ pupa kan: 64 jẹ́ funfun, 16 jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Ìkookò dé. Funfun ń hàn ketekete, nítorí náà ìdajì wọn ni ìkookò ń pa ní ìran kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn aláwọ̀ ilẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń bí títí iye wọn fi di ìlọ́po méjì. Ẹ wò ó: funfun á já sí 32, á tún padà di 64. Aláwọ̀ ilẹ̀ á já sí 12, á di 24. Ní ìran kejì wọ́n á di 36, ní ìran kẹta 54, bẹ́ẹ̀ funfun ò kúrò lórí 64. Ẹyọ kan nínú márùn-ún ni aláwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kó ìdajì agbo. Ehoro mélòó ló pa àwọ̀ rẹ̀ dà nínú ìṣirò yìí? Kò sí ẹyọ kan.

Ó yá, ẹ tan kọ̀ǹpútà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀kọ́ yìí ni àfarawé (simulation) tí ètò PhET ṣe ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, ló dá ètò náà sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí a máa lò ó láìsí dátà, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà.

Ehoro funfun kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fún un ní ẹnì kejì, kí ẹ sì máa wò wọ́n. Bí kò bá sí ìkookò, tí oúnjẹ ò sì wọ́n, wọ́n á bí títí kọ̀ǹpútà yóò fi kéde pé ehoro ti gba ayé.

Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó gbóná, kí ẹ kó ìkookò wọlé láìfi àwọ̀ tuntun kún un. Ibí ni kí ẹ ti ní sùúrù. Àwọn ọmọ á máa retí pé kí ehoro yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n funfun ni wọn á máa kú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì àwọ̀ ilẹ̀. Ìka yín ló mú àwọ̀ tuntun wá, kì í ṣe ẹ̀rù ìkookò. Nínú igbó gidi, àṣìṣe nínú dídà àbùdá kọ látọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ ló ń mú irú rẹ̀ wá, ìyẹn náà kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó nílò. Ẹ wá gbé agbo lọ síbi tí yìnyín bo ilẹ̀: àwọ̀ kan náà tó gba ehoro là lọ́hùn-ún ló ń fà á lé ìkookò lọ́wọ́ níbí. Ẹ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ o, torí ìkookò lè jẹ aláwọ̀ tuntun kó tó bímọ rárá. Orí náà ń bá wọn ṣe é.

Ọmọ tó bá gbọ́n á béèrè pé ṣebí ènìyàn ló kọ òfin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Òótọ́ ni, ẹ yìn ín. Ohun tó ń tẹ̀yìn òfin wá ni àfarawé ń fi hàn. Ẹ̀rí wà níta, nínú ayé gidi. Ní agbègbè Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí àfòpiná dúdú kan ní ọdún 1848 láàárín irú tirẹ̀ tó jẹ́ funfun alámì tóótòòtó. Èéfín ilé iṣẹ́ sọ èèpo igi di dúdú, ẹyẹ ò sì rí àwọn dúdú mọ́. Ní 1895, wọ́n ti tó 98 nínú 100 níbẹ̀. Lẹ́yìn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956, èéfín dínkù, àwọn funfun sì padà pọ̀.

Bọ́tìnì kan ṣì wà tó yẹ ká tẹ̀. Ẹ lè yàn kí àbùdá tuntun jẹ́ èyí tó ń fara pamọ́: yóò wà lára ehoro láìhàn, títí méjì tó gbé e yóò fi pàdé. Ẹni tó bá mọ bí bàbá àti ìyá tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ AS ṣe ń bí ọmọ SS, tó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá béèrè ìdí tí àbùdá S kò fi pa rẹ́ láàárín wa, nígbà tó ń pa ọmọdé, ehoro ò ní lè dá a lóhùn. Anthony Allison, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1954: ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í sábà le lára ọmọ AS bó ṣe ń le lára ọmọ AA. Ẹ padà sí pátákó, kí ẹ kọ òfin tuntun: ibà ń pa díẹ̀ nínú AA, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ń pa ọ̀pọ̀ nínú SS, AS ń yè jù. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan iye, kí wọ́n ṣírò ìran márùn-ún, kí wọ́n sì wò ó bóyá S á tán.