Ẹ Má Fi Epo Ba Ìbọn Atẹ́gùn Jẹ́
Ẹ̀yin ọmọ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn kò bá gbé ọta jìnnà mọ́, ẹ má tètè dá sípíríǹgì lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ yẹ róbà tó ń dí atẹ́gùn wò. Bó bá ti sán, atẹ́gùn ń jò nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní epo ló gbẹ, á wá da epo ẹ́ńjìnnì sí i. Àṣìṣe ńlá ni. Nígbà tí písítínì tí sípíríǹgì ń tì bá fún atẹ́gùn pọ̀, atẹ́gùn náà á gbóná débi pé epo lè gbiná nínú rẹ̀, kó ba róbà àti sípíríǹgì jẹ́. Ara irin lóde ni kí ẹ fi epo díẹ̀ nù, torí ọ̀rinrin ìgbà òjò wa tètè ń mú irin dípẹtà.

Ẹ má yin ìbọn náà láìsí ọta, torí ọta ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn dín eré písítínì kù. Òótọ́ ni pé irin líle ni sípíríǹgì, síbẹ̀ èyí tí a fún pọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè rọ. Ẹni tó bá sì ní nǹkan ìṣeré lásán ni, kó rántí pé òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn ìbọn tó nílò ìwé àṣẹ.