Ìbọn Ìṣó: Kíkàn Ni, Kì í Ṣe Yíyìn

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fi agbára atẹ́gùn kan ìṣó ti wọ ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ igi wa, tí òòlù tí Ògún Lákáayé fi lé àwọn baba wa lọ́wọ́ kò sì dá nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́ mọ́, ni a ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà ní ìbọn ìṣó. Ní tèmi, orúkọ náà bá a mu, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ní ìdí, ẹnu àti ibi tí ìka ń fà nìkan, bí kò ṣe pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìbọn ti mọ èèwọ̀ ìbọn láti ilé baba rẹ̀ wá. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Wọn kò bèèrè bóyá ìṣó ti tán nínú rẹ̀; nítorí náà ọmọ iṣẹ́ tí ó bá na ẹnu rẹ̀ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré, idà ni ó ń fọwọ́ pa lójú.

Ṣùgbọ́n bí mo ti fara mọ́ orúkọ tó, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn kan ń so mọ́ ọn, tí wọn a máa wí pé, "Yin ìṣó sí i." Ohun tí à ń yìn ni èyí tí ń ti òkèèrè lọ bá ẹran. Ìṣó kò rí bẹ́ẹ̀: ìbáà ṣe òòlù, ìbáà ṣe atẹ́gùn, kíkàn ni à ń kàn án, ohun méjì sì gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn kí a tó lè kàn wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a sì ṣe ẹ̀rọ yìí, nítorí irin kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí a ní láti tẹ̀ mọ́ igi kí ìṣó tó jáde. Ẹni tí ó bá sì fi wáyà de irin náà sẹ́yìn kí iṣẹ́ lè yá, ti sọ ohun kíkàn di ohun yíyìn ní tòótọ́, ìṣó rẹ̀ sì lè fò la inú ìsọ̀ já. Oríṣi méjì pàtàkì ni ohun tí ìka ń fà. Nínú ọ̀kan, a ó kọ́kọ́ tẹ ẹnu ẹ̀rọ mọ́ igi, a ó wá fà á, ìṣó kan péré ni yóò jáde, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí a tó kan òmíràn. Nínú èkejì, bí ìka bá ti fà á tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ibikíbi tí ẹnu ẹ̀rọ bá gbá ni yóò kan ìṣó sí, ìbáà ṣe pákó, ìbáà ṣe itan ẹni tí ó gbé e. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti fún ẹnikẹ́ni tí ó wà lórí àtẹ̀gùn.

Àtẹ̀gùn ni mo kọ, n kò kọ atẹ́gùn: èkíní ni à ń tẹ̀ gun òkè, èkejì ni ń fẹ́. Bí a bá kọ ìkìlọ̀ sára ògiri láìfi àmì sí i, pé kí a yẹ ọ̀kan nínú wọn wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àfàìmọ̀ kí òǹkàwé má yẹ èyí tí a kò rán an sí wò. Àmì kékeré ni ó ya ìṣó àti ìṣọ́ pẹ̀lú, ojú sì ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí láìwọ dígí ìdáàbòbò ojú.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni "pa." Ìṣó há sí ọ̀fun ẹ̀rọ, ọ̀gá ní, "Ṣé o ti pa á?" Ọmọ ní òun ti pa á, kò sì purọ́, nítorí ó ti pa iná kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ń fún atẹ́gùn sínú táńkì. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ó ti wọ táńkì ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó wà nínú rọ́bà tí ó ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, ó wà nínú ìbọn, ìka nìkan ni ó ń retí. Ohun tí ó tọ́ kí ọ̀gá bèèrè ni pé, "Ṣé o ti yọ rọ́bà kúrò ní ìdí rẹ̀?" Ìgbà tí a bá yọ ọ́ nìkan ni a tó lè ki ọwọ́ bọ ọ̀fun ẹ̀rọ. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìka ọmọ ọlọ́mọ kò sì ní ààrọ̀.

Kí a má sì fi "gáàsì" pe atẹ́gùn, kí ọmọ iṣẹ́ má baà lọ gbé ìgò ọ́síjìn àwọn tí ń jó irin wá, nítorí ọ́síjìn àti epo inú ẹ̀rọ bí wọ́n bá pàdé, ó lè bú gbàù. "Fi kún un" nìkan kò tó nípa agbára atẹ́gùn: púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fẹ́ láti 70 títí dé 120 psi, ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí orí ìṣó yóò fi bá ojú igi dọ́gba, láìkọjá iye tí a kọ sára ẹ̀rọ.

Ní òwúrọ̀, a ó kán epo sí ìdí ìbọn ìṣó kí a tó so rọ́bà mọ́ ọn. Kíkán ni mo wí, kì í ṣe dídà. Epo tí a ṣe fún ẹ̀rọ atẹ́gùn ni, kì í ṣe òróró ìdáná, àfi bí ìwé ẹ̀rọ náà bá ní kò fẹ́ epo. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ táńkì kí omi tí atẹ́gùn kó wọlé lè ro jáde, nítorí omi náà ni í mú kí irin dípẹtà. Ìpáàrà ni Bíbélì pe ìpẹtà, àwọn méjèèjì ni ó sì tọ̀nà. Èyí tí ó wù kí a pè é, bí ó bá ti wọ inú ìbọn ìṣó, ọ̀pá tí ń ti ìṣó kì í sún geere mọ́, ìṣó a sì bẹ̀rẹ̀ sí í há.