Ìwà Kọ̀, Kò Padà: Ẹ̀kọ́ Ifá Lórí Ẹ̀tọ́ Ìgbéyàwó



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá láti Oṣòdì bá mi nílé ní Ìsọlọ̀. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ó ní ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi í ṣaya, kí n dá Ifá sí i.

Mo bi ọmọ náà pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Ó ní mẹ́rìndínlógún. "Ṣé o fẹ́ ọkùnrin náà?" Ilẹ̀ ló ń wò. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí Ifá, wọ́n mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Ifá fọ ire, mo gbowó, mi ò bi ọmọ léèrè nǹkan kan. Kò pé ọdún kan tó fi sá kúrò nílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ rántí ìtàn Ìwà, ọmọ Sùúrù. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ ẹ, ó sì lé e jáde. Nígbà tí nǹkan dàrú, ó wá a kiri títí ó fi rí i, àmọ́ Ìwà kọ̀, kò bá a padà. Bí obìnrin bá lè kọ̀ fún Ọ̀rúnmìlà, ta wá ni èmi, ta ni bàbá ọmọ? Ṣebí níbi ìdána pàápàá, alága máa ń bi ìyàwó bóyá kí àwọn gba ohun tí wọ́n gbé wá.

Òfin náà sọ tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ní ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó. Òbí kò sì gbọ́dọ̀ fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fọ́kọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5, owó ìtanràn 500,000 náírà, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Láti 1948 ni Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti sọ pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fínnúfíndọ̀ gbà kí wọ́n tó fẹ́ra.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó pé 18, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́." Inú bí wọn, wọ́n ní mo ń ba àṣà jẹ́. Wọ́n dìde. Ọmọ náà ló jáde kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ká tó tẹ́ ọpọ́n, ẹ jẹ́ ká béèrè: ọdún mélòó? Ṣé ó fẹ́? Ire tí Ifá bá fọ̀ kì í sọ ipá di ìgbéyàwó.

Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ.