Afẹ́fẹ́ inú Páìpù

Ní Adakplamè, lórí òkè ilẹ̀ Kétu, omi inú ilẹ̀ jìn púpọ̀. Omi òjò ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbè pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja níbẹ̀ kò lè máa da omi nù lójoojúmọ́. Omi kan náà ni yóò máa lò léraléra.

Táńkì méjì ni a fi ń ṣe é. Ẹja wà nínú èyí tí ó tóbi. Omi ń ṣàn láti inú rẹ̀ bọ́ sínú kékeré, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kékeré. Ó ń fa omi tí ó ti mọ́, ó sì ń tì í padà sọ́dọ̀ ẹja. Ní Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, ibùdó Songhai tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹja sísìn.

Nígbà mìíràn, omi tí ń padà bọ̀ a máa funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Bu ú sínú ife. Bí ó bá ń mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ni: ìhó wẹ́wẹ́ tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Àwọn kan á ní kò burú, ṣebí ẹja náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí tí ń hó lójú omi dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ bá fi agbára tẹ̀ mọ́ inú omi lè pọ̀ jù. Á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, á sì tún di ìhó nínú ojú rẹ̀ àti lẹ́bẹ́ tí ó fi ń wẹ̀. Ẹja lè kú.

Ibo ni afẹ́fẹ́ ti wọlé? Kọ́kọ́ wo táńkì kékeré. Bí omi rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, tí ẹnu páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta, bu omi sí i.

Bí omi bá pé, ó ku oríkèé páìpù. Níbí ni àwọn àgbà pàápàá ti ń ṣìnà, nítorí ibi tí omi ti ń jò ni wọ́n ń wá. Gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, tí inú rẹ̀ ṣófo. Fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí oje rẹ̀ a máa yún ni lẹ́nu. Fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí i lápá òkè, kí o sì fi fa omi mu. Ihò náà kò ní kán omi. Afẹ́fẹ́ ni yóò bá omi wọ ẹnu rẹ. Wàyí o, fẹ́ omi jáde láti ẹnu: omi á tú jáde níbi ihò kan náà. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní ìwọ̀n. Torricelli, ará Ítálì, kọ èyí sínú lẹ́tà ní 1644. Ibi tí a bá ti ń fa omi, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ti ń wá àyè wọlé.

Nítorí náà, mú àkísà tí ó rin, kí o wé e mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan tí ó wà kí omi tó dé ẹ̀rọ. Ibi tí ìhó bá ti dín kù, ibẹ̀ ni ihò wà. Má fi ọṣẹ wá a bí àwọn tí ń lẹ táyà ti ń ṣe: páìpù á fa ọṣẹ náà mu, ọṣẹ sì ń pa ẹja.

Kí àgbàlagbà pa iná mànàmáná kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró, oríkèé náà lè wá bẹ̀rẹ̀ sí kán omi, nítorí omi táńkì ló ń tì í báyìí. A ó nù ún gbẹ, a ó fi gọ́ọ̀mù páìpù lẹ̀ ẹ́, a ó sì dúró kí gọ́ọ̀mù náà gan-an gbẹ kí omi tó tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí omi funfun inú ife fi ń mọ́ láti ìsàlẹ̀?
2. Bí ihò bá wà lára páìpù tí omi ń gbà padà sọ́dọ̀ ẹja, ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé, tàbí omi ni yóò jáde?