Iṣan Kan, Ìtumọ̀ Mẹ́rin: Kíkọ́ Ẹ̀yà Ara ní Èdè Yorùbá fún Àwọn Ọmọ Siporex, Abidjan

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìṣòro kan tí olùkọ́ èdè Yorùbá máa ń bá pàdé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá kan ẹ̀yà ara ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà iṣan ni ìṣòro ọ̀hún. Siporex, oríta ńlá tí ọkọ̀ gbàkà ti ń kó èrò ní Yopougon, ní ìlú Abidjan, ni a fi ṣe ibùdó àpẹẹrẹ wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti tẹ̀dó sí Abidjan, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wọn fi ń kàwé, wọ́n ń gbọ́ Júlà lọ́jà, Yorùbá sì ni ti ilé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà níwájú dókítà. Bí ìyá àgbà bá ní, “Iṣan ń dùn mí,” kí ni ọmọ yóò pè é? Muscle, tendon, nerf àti veine ni Faransé ní. Iṣan kan ṣoṣo ni Yorùbá ilé fi ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Eegun àti oríkèé

Apá yìí kò le. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan agbárí, èjìká, ìgúnpá, itan àti ojúgun, kí wọ́n sì máa dárúkọ wọn. Eegun 206 ni àgbàlagbà ní. Ti ìkókó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn kan yóò so pọ̀ bí ó ti ń dàgbà. Ibí yìí ni kí olùkọ́ ti tẹnu mọ́ ohùn: egungun, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ àárín jálẹ̀, yàtọ̀ sí egúngún tí ń jó lójú agbo. Ọmọ tí Faransé ti mọ́ lẹ́nu kì í tètè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Oríkèé náà ní ewu tirẹ̀. A ń sọ oríkèé ìrèké, ṣùgbọ́n ti ìrèké kì í tẹ̀, ti ara ni ó ń tẹ̀. Ìgúnpá ń ṣí, ó ń padé bí ìlẹ̀kùn. Èjìká ń yí kiri bí orí ọmọ odó nínú odó.

Ti awọ kò gba àkókò. Ìpele méjì ni ó ní, ọ̀rá sì wà nísàlẹ̀ wọn. Ìpele òkè kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kankan, ìdí nìyẹn tí awọ fi lè họ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má jáde.

Iṣan gan-an

Kí olùkọ́ ra ẹsẹ̀ adìẹ tútù lọ́jà. Níbi tí wọ́n ti gé e, ohun funfun kan yóò yọ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá fà á, àwọn ìka ẹsẹ̀ náà yóò ká kò. Ẹnu yóò ya àwọn ọmọ, nítorí adìẹ ti kú! Okùn yẹn kọ́ ni ó ní agbára: ẹran tí ń fà á nígbà tí adìẹ wà láàyè ti kù sí òkè ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kúrò. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgúnpá, kí ó sì máa ká ìka ọ̀tún. Yóò rí i pé ibi tí ó dì mú ni ó ń mì. Ẹran irú èyí, fífà nìkan ni ó mọ̀, kì í tì. Nítorí náà ni ọ̀kan fi ń ká apá, tí òmíràn sì ń nà án.

Lẹ́yìn tí ojú ti rí i ni kí orúkọ tó dé. A dábàá iṣan ẹran fún èyí tí ń fà, iṣan ìdè fún okùn funfun tí ó so ó mọ́ eegun, iṣan ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ fún méjì yòókù. Èyí tí ó so eegun mọ́ eegun, kíláàsì àgbà ni kí a fi í sílẹ̀ fún.

Iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì. Ní 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yà ara ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ìdánrawò

Kí ọmọ kan ṣe ìyá àgbà, kí èkejì ṣe dókítà, kí ẹ̀kẹta ṣe ògbufọ̀. Ìyá àgbà yóò ní iṣan ń dun òun. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ túmọ̀ ohunkóhun kí ó tó béèrè: “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni? Ṣé ó ń le gbagidi ni, àbí ó ń ta yín bí abẹ́rẹ́?” Ohun tí ìyá àgbà bá fi dáhùn ni kí ó sọ fún dókítà ní Faransé, láìyọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.