Nígbà tí olùtọ́jú ọkàn bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ẹran ọ̀sìn ìtùnú

Àlàyé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn aláìsàn ní Niamey

Kókó ọ̀rọ̀

• Ẹran ọ̀sìn ìtùnú ni ẹran tí wíwà rẹ̀ nítòsí ń fi ọkàn ẹni tó ní àìlera ọpọlọ balẹ̀. A kò kọ́ ọ níṣẹ́ kankan, nítorí náà kò jọ ajá tí a kọ́ láti máa tọ́ afọ́jú sọ́nà.
• Òfin orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r kò ní ìwé ẹ̀rí tó ń fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé àyágbé tàbí láti wọ ọkọ̀. Ìwé tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dá ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀.
• Bí olùtọ́jú bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, ìtọ́jú kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró.

Ibi tí ìwé ẹ̀rí náà ti wá

Ó lè jẹ́ ẹnu ìbátan kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni aláìsàn ti gbọ́ nípa lẹ́tà yìí, ó sì lè jẹ́ orí fóònù rẹ̀ ló ti kà á. Òfin ilé gbígbé ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1968 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1988 kí ó lè dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, ni lẹ́tà náà fara tì. Nípa òfin yẹn, ayálégbé tí àìlera rẹ̀ mú kí ó nílò ẹran kan lè bẹ onílé pé kí ó yọ̀ǹda ẹran náà, kódà bí ilé náà kò bá gba ẹran ọ̀sìn. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó mọ aláìsàn ni ó sábà máa ń ti ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn.

Agbára lẹ́tà yìí kò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń polongo rẹ̀. Òfin ọdún 1990 tó wà fún àwọn tó ní ìpèníjà ní Amẹ́ríkà kò ka ẹran ìtùnú mọ́ àwọn ẹran tó lè bá olówó wọn wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2021 ni kò ti jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ láti gbé e gẹ́gẹ́ bí ẹran ìrànwọ́. Ìpínlẹ̀ California sì pàṣẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, pé oníṣègùn kò gbọdọ̀ kọ ìwé yìí nítorí ajá fún ẹni tí kò bá tíì tọ́jú fún ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́. Àṣẹ yìí kan àwọn tó ń ta lẹ́tà fún ẹni tí wọn kò rí rí.

Ìdí tí olùtọ́jú fi lè kọ̀

Olùtọ́jú lè kọ̀ nítorí pé kò tíì mọ aláìsàn náà dáadáa, tàbí nítorí pé ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ kò fàyè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó lè rí i pé ajá náà ti bu ènìyàn jẹ rí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹran náà ti di àwáwí fún àìsàn: ẹni tí ẹ̀rù ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bà lè máa sọ pé òun kò lè fi ajá sílẹ̀ lọ sí ọjà, kí ó sì máa ti ara rẹ̀ mọ́lé síwájú sí i. Ẹ̀rí tí ìwádìí ní lórí àǹfààní ẹran ìtùnú kò fẹnu kò. Àwọn kan rí i pé ó dín ìdánìkanwà kù, àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà sọ jáde. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti gbọ́ ohun tí aláìsàn sọ, kí ó sì gbà á gbọ́ dé ìwọ̀n tó bá yẹ. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá òtítọ́ ni, kí ó sì búra sí i níwájú ẹlòmíràn. Kò rọrùn fún ẹnì kan láti ṣe méjèèjì fún aláìsàn kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Lẹ́tà tó tú àṣírí tí kò sì dáàbò boni

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin Yorùbá kan ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá Niamey. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì mú un débi pé kò lè sùn. Àgùntàn kan wà tí ọkọ rẹ̀ rà kí ó tó kú, tí obìnrin náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ nínú ọgbà agboolé tí òun àti ìdílé mẹ́rin mìíràn jọ ń gbé. Sísin àgùntàn nínú agboolé kì í ṣe ohun àjèjì ní Niamey. Òun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lọ́jọ́ Iléyá ni ó ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu. Alájì onílé wá ní kí ó gbé ẹran náà kúrò kí oṣù tó parí. Obìnrin náà bẹ olùtọ́jú rẹ̀ pé kí ó kọ ìwé pé àgùntàn yìí ni oògùn òun, olùtọ́jú sì kọ̀.

Kò yẹ kí a fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgùntàn ni ó ń jí i láàárọ̀, nítorí pé ẹran gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ó bá sì ti jí, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ti tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí mọ bí èyí ṣe ṣòro tó.

Ṣùgbọ́n kí ni lẹ́tà náà yóò ṣe ní Niamey? Nìjẹ̀r fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Ènìyàn Tó Ní Ìpèníjà ní ọdún 2008, àdéhùn náà sì kan àìlera ọpọlọ tó bá pẹ́ lára. Síbẹ̀, kò sí ìlànà tó fi ipá mú onílé láti gba ẹran nítorí lẹ́tà oníṣègùn. Ohun tí lẹ́tà náà lè ṣe ní tòótọ́ ni pé kí ó sọ fún onílé, àti lẹ́yìn rẹ̀ fún gbogbo agboolé, pé obìnrin yìí ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pe gbogbo àìlera ọpọlọ ní wèrè, ọ̀rọ̀ ẹran lè yí padà di ọ̀rọ̀ ayálégbé fúnra rẹ̀. Ó wá fẹ́ gba àgùntàn là, ó sì pàdánù yàrá.

Ìdí tó lágbára jù lọ láti kọ̀ nìyí, òun sì ni a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn. Aláìsàn tó gbọ́ "rárá" láìgbọ́ ìdí rẹ̀ lè rò pé a kò gba ìrora òun gbọ́, ó sì lè má padà wá mọ́.

Ìwé tó wúlò

Bí aláìsàn bá béèrè, olùtọ́jú lè fún un ní certificat médical tó sọ òtítọ́ tí kò pọ̀: pé ó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn náà, àti pé ó ṣe pàtàkì kí ìgbé ayé rẹ̀ má ṣe yí padà lójijì ní àsìkò yìí. Kò pọn dandan kí orúkọ àìsàn tàbí ti ẹ̀ka ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Aláìsàn ni kí ó gba ìwé náà lọ́wọ́. Òun ni yóò pinnu bóyá kí ó fi han ẹnikẹ́ni. Aláìsàn náà lómìnira láti wá èrò oníṣègùn mìíràn, bí oníṣègùn náà bá máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ti gidi. Ẹni tó bá gba owó tó sì kọ ìwé láìbéèrè ọ̀rọ̀ ti ta bébà fún un ni.

Ní ti onílé, àdéhùn lẹ́nu níwájú àgbàlagbà tí méjèèjì bọ̀wọ̀ fún sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju ìwé lọ. Kí aláìsàn béèrè ohun tó ń bí Alájì nínú gan-an: ṣé òórùn ni, ṣé ariwo, àbí ìgbẹ́ ẹran tó dé ẹnu ọ̀nà ìdáná? Bí ó bá jẹ́ ajá ni ẹran náà, kí ó rántí pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí ajá wọ yàrá tàbí ibi ìkírun, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ajá tó ń ṣọ́lé lójúde. Kò sí lẹ́tà oníṣègùn tó lè yanjú èyí.

Ìwé kan wà tí ẹni tó ní ajá tàbí ológbò kò gbọdọ̀ ṣaláìní, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí dókítà ẹran fọwọ́ sí. Dìgbòlugi wà ní Nìjẹ̀r. Nínú gbogbo ènìyàn tó ń kó o lágbàáyé, ajá ló ń kó o ran nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ajá tàbí ológbò bá bu ènìyàn jẹ tàbí tó ha á lára, kódà bí ó jẹ́ ẹran tí a fẹ́ràn, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Kí a má ṣe fi ata tàbí epo sí i. Aláìsàn tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò pa ajá òun lè fi ìbujẹ pamọ́. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera béèrè pẹ̀lú sùúrù.

Ẹni tó fẹ́ gbé ajá lọ sí Amẹ́ríkà ní láti mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ajá tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà, kí ó sì ní àmì ìdánimọ̀ oníná lábẹ́ awọ. Àwọn ìwé mìíràn lórí àjẹsára tún wà fún èyí tó bá ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ti gbilẹ̀. Lẹ́tà ìtùnú kò lè rọ́pò ọ̀kankan nínú wọn.

Bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè sọ pé rárá

Kí ó kọ́kọ́ béèrè nípa ẹran náà: orúkọ rẹ̀, ìgbà tó dé, ohun tó ń yí padà bí ó bá wà nítòsí. Ìdáhùn rẹ̀ yóò fi ohun púpọ̀ hàn nípa oorun, ọ̀fọ̀ àti ìdánìkanwà. Bí ògbufọ̀ bá wà láàárín, kí ó má ṣe jẹ́ ọmọ aláìsàn tàbí ará agboolé kan náà.

Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ ọ́ ní tààrà, fún àpẹẹrẹ: "Màmá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mo sì gbà pé àgùntàn yìí ń ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ ń béèrè kò ní mú Alájì, ó sì lè tú àṣírí yín. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tá a lè ṣe." Kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ láti ìbẹ̀wò kan sí èkejì, nítorí pé onílé ti dá ọjọ́.

Kí ó béèrè ohun tí aláìsàn rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí òun bí ẹran náà bá lọ. Bí ìdáhùn bá fi àìnírètí hàn, kí ó béèrè ní kedere bóyá ó ti ronú láti pa ara rẹ̀; bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Bí ó bá ti ń rò ó, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, irú èyí tó wà ní Hôpital National ti Niamey. Kí a tún béèrè ẹni tí yóò máa bọ́ ẹran náà bí ó bá ní láti sùn sí ilé ìwòsàn, torí àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ ibùsùn nítorí ẹran wọn, tí wọn kì í sì í sọ ìdí rẹ̀.

Níbi tí olùtọ́jú ọkàn kò bá pọ̀, òṣìṣẹ́ tí a kọ́ lè lo ètò Problem Management Plus ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìpàdé márùn-ún ni, a sì lè fi iṣẹ́ tí ẹran ń mú kí aláìsàn ṣe láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹran náà bá kú, tàbí tí a tà á, kí a ka ọ̀fọ̀ náà sí ọ̀fọ̀, kí a sì fún aláìsàn ní ọjọ́ ìbẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.