Oòrùn, Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Àpò Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Jos

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ohun tí agbára oòrùn lè ṣe fún ọkọ̀ tí ń jẹ epo àti ohun tí kò lè ṣe, kí wọ́n sì lè fi òtítọ́, ìṣirò àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pinnu bóyá ó yẹ kí a fi owó ẹgbẹ́ lé e.



Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó náírà 200 ṣáájú ọjọ́ náà ti kọjá náírà 600 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ kò ti wọ́n nínú ìpàdé wa. Oníṣòwò tí ń ra tòmátì ní Farin Gada, ọmọ ilé ìwé tí ń lọ sí Bukuru, awakọ̀ tí ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹrù kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wọn. Nínú ìnira yìí ni àwọn kan ti ń polówó ọkọ̀ tí oòrùn ń gbé rìn, pé ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ epo títí láé. Òtítọ́ wà nínú ìpolówó náà, àsọdùn sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kí owó tó jáde lápò.

Jos kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí

Láti ayé ìwakùsà tánganran ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú yìí. Àwọn baba wa tó gbé nínú rẹ̀ nígbà náà rí i bí omi ṣe ń di iná. Ọdún 1929 ni a dá ilé iṣẹ́ NESCO sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó ń fi agbára omi òkè Kurra pèsè iná fún ibi ìwakùsà. Nítorí náà, kíkó agbára láti inú ohun tí Ọlọ́run fi sí àyíká wa kì í ṣe àṣà tuntun ní Plateau.

Ìwakùsà kan náà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Àwọn tí wọ́n wa tánganran kó èrè lọ, wọ́n sì fi kòtò sílẹ̀. Títí di òní ni omi ṣì dá sínú àwọn kòtò náà ní àyíká Bukuru àti Barkin Ladi. Iṣẹ́ tí ó ń mówó wá lónìí lè fi ewu sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀la, bí a kò bá ronú dé òpin rẹ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí lọ.

Àwọn tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀

Ní ọdún 2014, ìròyìn kàn káàkiri ayé nípa Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ó mú ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá àtijọ́, ó fi pánẹ́ẹ̀lì sólà sí òrùlé rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sí iwájú rẹ̀. Bí ọdún kan ni ó fi ṣiṣẹ́ náà, púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ sì jẹ́ àlòkù tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un. Bátìrì ọkọ̀ náà ń gba tó wákàtì mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó kún. Ó tún ní láti fún àwọn irin tí ó gbé ọkọ̀ náà dúró lágbára sí i, nítorí pé ohun tí a fi kún un wúwo.

Nítòsí wa ní àríwá, ní Maiduguri, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Mustapha Gajibo di ẹni tí a mọ̀ ní ọdún 2021 fún bíbọ́ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké, tí ó sì ń fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọkọ̀, NADDC, ṣí ibi ìṣájì ọkọ̀ oníná tí ó gbára lé oòrùn nìkan ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Sokoto. Ní ilẹ̀ Kenya, ilé iṣẹ́ Opibus, tí ó ti di Roam báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2017 pẹ̀lú yíyí àwọn ọkọ̀ arìnrìn-àjò inú igbó padà sí oníná.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ní Sokoto, ibi ìṣájì ni pánẹ́ẹ̀lì wà, ọkọ̀ ni ó ń wá bá a. A óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí a ṣe ń yí ọkọ̀ padà

Iṣẹ́ náà kò ní awo nínú. Mẹkáníìkì yóò yọ ẹ́ńjìnnì, táǹkì epo àti sálẹ́ńsà kúrò. Yóò fi ẹ̀rọ oníná sí ipò ẹ́ńjìnnì láti máa yí táyà. Bátìrì ńlá ni yóò gba ipò táǹkì. Láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ náà ni kọntírólà yóò wà. Kọntírólà yìí ni ó ń gbọ́ ohun tí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ sọ, tí ó sì ń wọn iná jáde bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ ìṣájì, fíúsì àti wáyà tó nípọn. Pánẹ́ẹ̀lì sólà ni ó kẹ́yìn, nítorí pé ọkọ̀ oníná lè rìn láìsí i, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì kò lè gbé ọkọ̀ rìn láìsí bátìrì.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí tí búréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, òkú ni. A kì í ra ẹ̀wù tuntun fún òkú. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó kọṣẹ́, ni kí a wò.

Ìṣirò tí olówó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi yúníìtì tí à ń rà sínú mítà ilé ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń lo iná lè fi yúníìtì 1 rin bíi kìlómítà 12 sí 15 ní ilẹ̀ títẹ́jú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré yóò fi yúníìtì kan náà rin kìlómítà 5 tàbí 6. Bí ọkọ̀ bá kún, tí ó sì ń gun òkè, iye náà yóò dín kù, òkè kò sì wọ́n ní Jos.

Ká sọ pé kẹ̀kẹ́ kan ń rin kìlómítà 72 lójúmọ́. Bí yúníìtì 1 bá gbé e rin kìlómítà 12, yúníìtì 6 ni yóò jẹ lójúmọ́ náà. Òrùlé kẹ̀kẹ́ kò lè gbà ju pánẹ́ẹ̀lì bíi wáàtì 300 lọ. Bí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtì 5, yúníìtì 1 àti ààbọ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì náà yóò mú wá. Eruku, ìbòòji àti ohun tí ń ṣòfò nínú wáyà yóò gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ohun tí ó kù kọjá yúníìtì 1 díẹ̀, kò sì lè gbé kẹ̀kẹ́ kọjá kìlómítà 14. Níbo ni agbára ìyókù ìrìn náà yóò ti wá?

Ìdáhùn wà lórí òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Níbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 kan lè mú yúníìtì 1 àti ààbọ̀ wá lójúmọ́ lẹ́yìn gbogbo òfò. Mẹ́rin irú rẹ̀ yóò pèsè yúníìtì 6. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ ní Jos láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, ìkùukùu sì máa ń bo oòrùn. Ọlọ́gbọ́n yóò fi méjì kún un. Nínú oṣù ọyẹ́, kí a máa nu eruku orí pánẹ́ẹ̀lì lóòrèkóòrè. Ojú ọjọ́ wa tún ní àǹfààní tirẹ̀: bí pánẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, agbára rẹ̀ ń dín kù, ìtútù Jos sì ń ràn án lọ́wọ́.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù. Ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà ni kẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bátìrì méjì ni a nílò: ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́, ọ̀kan ní gbọ̀ngàn tí ó ń gba iná, kí a máa pààrọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé pánẹ́ẹ̀lì orí ọkọ̀ nìkan ti tó, tí kò sì sọ̀rọ̀ bátìrì kejì, kò tíì sọ òtítọ́ tán.

Ìdí tí ó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ìṣirò yìí fi hàn pé ẹnìkan ṣoṣo kò lè rí ìlò tó pọ̀ tó láti inú owó náà. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, bátìrì méjì àti ibi ìṣájì wúwo fún awakọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ mẹ́wàá bá ń lo ibi ìṣájì kan tí a ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹrù náà yóò fúyẹ́. Àwọn baba wa mọ àáró àti ọ̀wẹ̀. Wọ́n mọ èésú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Àgbájọ ọwọ́ pàápàá nílò àkọsílẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni ó ni bátìrì, iye tí awakọ̀ yóò máa san fún ìṣájì kan, àti ẹni tí yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kí a sì mọ̀ pé bátìrì ń gbó. Bí a bá retí pé kí bátìrì kan lo oṣù 60, kí a pín iye tí a rà á sí ọ̀nà 60, kí a sì máa fi ìdá kan pamọ́ lóṣooṣù láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe èyí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ní ọjọ́ tí bátìrì bá kú.

Kí ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹni pé àwa nìkan ni a ń gbé Jos. Mẹkáníìkì tó dára jù lè jẹ́ Bẹ̀rọ̀mù, wẹ́dà lè jẹ́ Hausa, ẹni tó ń ta wáyà lè jẹ́ Ìgbò. Àwọn mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì epo pẹ̀lú ní ẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ pè wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ tuntun náà kí oúnjẹ má bàa kúrò lẹ́nu wọn. Ibi tí aládùúgbò ti jọ ń jẹ àǹfààní, ìjà kì í tètè rí àyè níbẹ̀.

Ewu tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di

Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná lè pa ènìyàn bí a bá fi ọwọ́ kan wáyà rẹ̀ láìmọ̀. Kí fíúsì àti ohun tí ń gé iná wà nítòsí bátìrì, kí ó jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ nìkan ni yóò ṣí i. Bátìrì olómi tí ó ní òjé nínú rọ̀ lówó, ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í sì í pẹ́ tó líthíọ̀mù. Òjé inú rẹ̀ jẹ́ májèlé. Ní ọdún 2010, òjé tí ó bá eruku ìwakùsà wúrà jáde pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní Zamfara. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ bátìrì tó ti kú ní àgbàlá, kí a má sì da omi rẹ̀ sí ilẹ̀. Kí a kó o padà fún ẹni tó ń tà á, kí àdéhùn náà sì wà nínú ìwé kí a tó rà á.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ lọ sọ fún ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ayẹ̀kọ̀wò yẹ búréèkì àti ìwúwo rẹ̀ wò kí èrò tó wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ tí a gbà yín níyànjú

1. Kí awakọ̀ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kọ iye kìlómítà àti owó epo wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù kan.
2. Kí ìgbìmọ̀ fi àkọsílẹ̀ náà ṣe ìṣirò tí a ti fi hàn lókè yìí, kí wọ́n sì kà á sétí ìpàdé.
3. Bí ó bá mú èrè wá, kí a yí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo padà, kí a dán an wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò.
4. Kí a ka èsì rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ì báà dùn, ì báà korò, kí a tó fi owó kún owó.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan tí a dán wò dáadáa, tí ìwé owó rẹ̀ sì mọ́, yóò ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní ju mẹ́wàá tí a fi ìkánjú rà lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì orí ọkọ̀ nìkan kò fi tó?
2. Ta ni ó yẹ kí ó máa tọ́jú owó bátìrì nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni yóò sì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò?
3. Ọ̀nà wo ni a lè gbà mú àwọn mẹkáníìkì àdúgbò, láìka ẹ̀yà sí, wọnú iṣẹ́ yìí?
4. Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn kòtò ìwakùsà Plateau kọ́ wa nípa bátìrì tó ti kú?